Pákó Virgil

Ẹrẹ̀. Iṣẹ́ Orpha Teague nìyẹn.

Kì í ṣe pé ó ń kó ẹrẹ̀ kúrò níbì kan. Ó ń ṣe é ni. Ìjọba gba obìnrin kan síṣẹ́, wọ́n fún un ní bàtà rọ́bà, katakata kan, àti fìlà tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí níwájú, pé kó máa lọ pèsè ẹrẹ̀ fún àlejò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ó jọ pé òwe yẹn ni wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wá fi òǹtẹ̀ lù ú.

Bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ogójì ọdún ni bàbá fi dáko létí odò Missouri, ogójì ọdún náà ló sì fi gbẹ́ kòtò láti lé omi kúrò lórí ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wá gba iṣẹ́ pé kó máa dá omi padà. Tí wọ́n bá bi bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni Orpha ń ṣe báyìí, á ní, "Iṣẹ́ ìjọba ni." Á sì yára béèrè àlàáfíà ìyá ẹni tó bi í.

Ọgbà Ẹyẹ Kessinger ní adágún mẹ́fà. Márùn-ún jẹ́ ti pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ ní ẹgbẹ́, pẹ́pẹ́yẹ ní alága, pẹ́pẹ́yẹ ní àwọn ọlọ́dẹ tó ń kọ lẹ́tà sí aṣòfin nítorí rẹ̀, kí wọ́n lè ráyè yìnbọn pa á tí òtútù bá dé. Ìfẹ́ tó jinlẹ̀ nìyẹn. Adágún Kẹta nìkan ni ti ẹyẹ etídò, àwọn kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í jà fún.

Ẹyẹ tí kò wúwo ju lẹ́tà kan lọ. Á gbéra láti ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù, á máa lọ sí ilẹ̀ yìnyín lókè réré, láti lọ yé ẹyin mẹ́rin. Nínú oṣù Kárùn-ún, á gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ohun tó ń wá kò ju ẹrẹ̀ tútù tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Tí kò bá rí i, kì í kọ lẹ́tà sí aṣòfin. Á kàn fi ebi fò lọ, á sì já bọ́ níbi tí ojú ènìyàn kò tó.

Orpha kì í pe orúkọ inú ìwé wọn. Èyí tó ń fi ẹnu gún ẹrẹ̀ lemọ́lemọ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ, Télọ̀ ló sọ ọ́. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè, Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyeyè. Èyí tó kéré jù, tó ń sáré síwá sẹ́yìn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ láìsí ohun kan pàtó tó parí, Akọ̀wé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹrẹ̀ nìyí. Adágún ní ẹnu kan tí omi ń gbà jáde, àpótí kọnkéré tí wọ́n to pákó dí lójú, ọ̀kan lórí èkejì. Pákó kan, íǹṣì mẹ́fà. Tí ẹ bá fẹ́ kí omi wálẹ̀, ẹ fi ìwọ̀ irin fa pákó kan yọ. Ó parí. Ẹni tó bá lè yọ ẹran nínú ìkòkò lè ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè ṣe ni kí wọ́n dúró. Virgil Ansell, tó kọ́ Orpha níṣẹ́, sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Yọ ọ̀kan. Lọ mu kọfí. Padà wá lọ́jọ́ kẹrin. Tí ara bá ń ta ẹ́, lọ ṣiṣẹ́ panápaná."

Virgil yìí náà ló fi ogún sílẹ̀ fún wa. Omíyalé kan gbé ọ̀pá ìwọnmi Adágún Kẹta lọ, òun ni wọ́n sì ní kó ri òmíràn mọ́lẹ̀. Ó gbá a, ó gbá a. Ọ̀pá dé orí nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn kan ní kùkùté ni, àwọn kan ní mọ́tò ẹnì kan tó ti sọnù tipẹ́ ni. Kò wọlé mọ́. Ó ku íǹṣì mẹ́fà. Virgil wò ó. Ó wo aago. Ó ti di ọ̀sán. Ó ní, "Ṣebí ẹ mọ ìṣirò? Ẹ máa fi mẹ́fà kún un." Ó lọ jẹun.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn nìyẹn. Virgil ti kú. Ọ̀pá ṣì wà ní ìdúró.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń ka omi Adágún Kẹta tí kì í sọ ọ́. "Mẹ́jọ, àti ti Virgil." Ìyẹn ni pé mẹ́rìnlá. "Òdo, àti ti Virgil." Mẹ́fà nìyẹn. A ti sọ ọ́ débi pé etí wa kì í gbọ́ ọ mọ́. A kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ta ló ń kọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sílẹ̀?

Omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ̀ ọ́. Preston Halvik dé, ọ̀gá wa tuntun, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó gboyè nínú ìmọ̀ omi ní ìlú tí kò ní odò. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló gbé dání, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tí ìwé ọjà ṣì lẹ̀ mọ́ nídìí. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń kí ènìyàn. Ó ń pe Orpha ní "mà". Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, ó gbọ́ wa níbi tí a ti ń sọ "àti ti Virgil", ó sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì pé ta ni Virgil.

Obìnrin náà ní, "Òṣìṣẹ́ wa kan ni. Ó ti kú, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un."

Halvik mi orí. Nínú ìjábọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ sí olú-iléeṣẹ́, tó sì tún lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri kí inú wa lè dùn, ó kọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ibí ní àṣà kan tó wọ òun lọ́kàn: wọn kì í dárúkọ omi láì dárúkọ akẹgbẹ́ wọn tó ti lọ.

A kà á. A rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. A rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé a rẹ́rìn-ín.

Nínú oṣù Kejì ló pè wá sípàdé. Doyle Teague náà wà níbẹ̀, alága ẹgbẹ́ ọlọ́dẹ pẹ́pẹ́yẹ. Àbúrò Wendell ni, Wendell tó jẹ́ ọkọ Orpha kó tó kú. Oko Doyle ló wà nísàlẹ̀ Adágún Kẹta gan-an, ògiri amọ̀ kan ṣoṣo ló pààlà wọn.

Halvik tan àwòrán sára ògiri. Ó ní, "Olú-iléeṣẹ́ sọ pé adágún kan kò gbọdọ̀ wà lásán. Àwọn òǹkà méjì tó ń ka ẹyẹ máa wá ní Sátidé kejì nínú oṣù Kárùn-ún. Tí wọ́n bá ka ẹgbàá ẹyẹ etídò ní Adágún Kẹta kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, a fi í sílẹ̀ fún ẹrẹ̀ nìyẹn. Tí wọn ò bá pé, àgbàdo la máa gbìn síbẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ."

"Fún pẹ́pẹ́yẹ," Doyle ní, bí ẹni tó ń ṣe "àmín".

Orpha kò rẹ́rìn-ín. "Tí wọ́n bá fi ohun ìtulẹ̀ kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní padà sí ẹrẹ̀ mọ́ lójú mi. Ibẹ̀ nìkan ló kù fún wọn láti ibí títí dé ìpínlẹ̀ kejì. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ìyàwó wa," Doyle ní, "ọgbọ̀n ọdún lo ti ń pòyì nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Jẹ́ kí nǹkan tó ṣeé jẹ hù níbẹ̀ kí o tó fẹ̀yìn tì."

"Ìwọ tí ò ń gbin nǹkan tó ṣeé jẹ, kí lò ń jẹ? Àràárọ̀ ni mò ń bá ẹ nílé oúnjẹ Mavis."

"Mò ń ran Mavis lọ́wọ́ ni. Opó ni."

"Opó lèmi náà. O ò ra ẹyin rí fún mi."

Halvik wúkọ́. Ó nawọ́ sí àwòrán rẹ̀. Ó ti ṣe ètò omi gbogbo oṣù fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ya ìlà pupa, ó ya ìlà búlúù. "Ní Sátidé yẹn," ó ní, "omi gbọ́dọ̀ wà ní íǹṣì mẹ́fà."

Orpha fojú wọ̀n ọ́n. Mẹ́fà dára. Ní mẹ́fà, ìdajì adágún á ti yọrí jáde, á tutù, á rọ̀. Àmọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ béèrè. "Mẹ́fà, pẹ̀lú ti Virgil nínú rẹ̀?"

Halvik rẹ ojú sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Pẹ̀lú ti Virgil, mà. Nígbà gbogbo."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Orpha ní. Ó fọwọ́ síwèé.

Ẹni méjì tó fohùn ṣọ̀kan pátápátá lórí ohun tí wọn kò jọ sọ. Ní ìdí ìgbéyàwó nìkan ni mo ti ń rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Oṣù Kẹrin dé. Orpha ń yọ pákó. Ọ̀kan, kọfí, ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan, kọfí, ọjọ́ márùn-ún torí òjò. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún, bó ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́ta, dókítà sì ti kọ déètì tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọjọ́ tó ń lọ, omi wà ní mẹ́fà, àti ti Virgil. Pákó kan ló kù láti yọ.

Ó yọjú sí Halvik ní ọ́fíìsì. "Ọ̀gá, pákó kan péré ló kù láti yọ. Ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ má yọ ju ọ̀kan lọ."

"Ẹ fi ọkàn balẹ̀, mà. Ẹ lọ tọ́jú ara yín."

Ní Mọ́ńdè, Halvik wọ bàtà rọ́bà, ó lọ sí Adágún Kẹta fúnra rẹ̀. Ó ka ọ̀pá. Mẹ́fà. Ó wo ètò. Mẹ́fà. Ó tún ọ̀pá kà. Kí ni wọ́n wá fẹ́ yọ pákó fún? Ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó sì gbà pé ẹni tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ dókítà, ọkàn rẹ̀ lè má pé. Nítorí pé ó jẹ́ onínúure, kò pè é lórí fóònù láti dà á láàmú. Nítorí pé ó jẹ́ olóye, ó fi àgádágodo ti orí pákó náà, kí ẹnikẹ́ni má baà dà á rú. Ó ya fọ́tò omi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àwa tó kù rí fọ́tò náà. A ní omi yẹn mà pọ̀. A ní ọ̀gá ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ojú mi.

Ní Tọ́sìdeé, tí Sátidé ìkàyẹ ku ọ̀túnla, Orpha padà dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti ìwé dókítà pé kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó fi ìwé náà bo ife kọfí rẹ̀ kó má baà tutù. Ó ní kí n wa òun lọ sí Adágún Kẹta.

Òkun ló bá níbẹ̀.

Kò sí ẹrẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́. Omi kún láti ògiri dé ògiri, ojú sánmà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìkùukùu. Ó rẹwà. Ẹ lè fi ṣe kàlẹ́ńdà. Pẹ́pẹ́yẹ méjì wà láàárín rẹ̀ tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Bí a ti dúró, ọ̀wọ́ Télọ̀ kan ti gúúsù wá, ó máa tó igba. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yí adágún po lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kejì, nílẹ̀ débi pé a gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn. Kò sí ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ lé. Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Orpha fi ara ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀. Ó ń wo ibi tí wọ́n gbà títí wọn kò fi hàn mọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀. Ní ọ́fíìsì. Wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí a ń gbé katakata sí.

"Ọ̀gá, pákó mi tí mo ní kí ẹ yọ dà?"

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ara ń kọ́? Omi ti pé mẹ́fà géérégé, mà. Èmi fúnra mi ni mo ka ọ̀pá."

"Mẹ́fà àti ti Virgil nìyẹn!"

Halvik gbé ọwọ́ lé àyà. "Àti ti Virgil, mà."

"Ẹ gbé ọwọ́ kúrò láyà, jàre! Virgil kì í ṣe àdúrà. Íǹṣì mẹ́fà ni!"

Ọwọ́ náà dúró sáyà, kò mọ ibi tí yóò yà sí. "Olóògbé náà... ni íǹṣì mẹ́fà?"

"Ọ̀pá tó rì ni! Kò rì í tán! Ebi ń pa á!"

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ojoojúmọ́ là ń sọ ọ́ fún yín! Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ síwèé! Ó wà lára ògiri níbẹ̀ yẹn!"

Halvik wo ara ògiri. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jókòó. Ó wá sọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn láti máa sọ, pé ètò tí wọ́n ti fọwọ́ sí, olú-iléeṣẹ́ nìkan ló lè yí i padà, àti pé ìyẹn máa gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá," Orpha ní. "Màá bá àwọn ẹyẹ sọ ọ́. Kí wọ́n dúró lókè."

Halvik dìde. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo lápò, ó gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Orpha gan-an. "Mò ń lọ sílé ìtura, mà," ó ní. "Inú ń run mí. Ó lè pẹ́."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé ọmọ yìí lè di ènìyàn.

Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan kò tó. Kí omi tó bẹ́ẹ̀ lè wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, pákó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni Orpha máa yọ, á sì dá méjì padà lálẹ́ Fúráìdeè. Kòtò tó ń gbé omi wa lọ sódò kò lè gba bẹ́ẹ̀. Á kún. Á ya. Oko Doyle tìsàlẹ̀ ló sì máa ya sí. Lọ́dọ̀ àwa ará etí odò, ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó aládùúgbò rẹ̀, wọ́n á dárí jì í bó pẹ́ bó yá. Ẹni tó bá da omi sóko aládùúgbò rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ á gbọ́ nípa rẹ̀.

A bá Doyle nílé oúnjẹ Mavis nídìí ẹja àrọ̀ díndín. Orpha jókòó síwájú rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ líle síta.

"Doyle, mo fẹ́ da omi sóko rẹ tìsàlẹ̀."

"Mo kú ọ̀sán náà o. Orúnkún ń kọ́?"

"Ọjọ́ méjì péré."

Doyle fi sùúrù nu ẹnu. "Ìyàwó wa, jẹ́ kí n gbọ́ ọ yé. O fẹ́ kí n jẹ́ kí omi gbé àgbàdo mi, kí ẹyẹ rẹ lè pé, kí wọ́n má baà gbin àgbàdo fún pẹ́pẹ́yẹ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò tiẹ̀ fi oyin sí i."

Orpha tẹ̀ síwájú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àgbàdo wo, Doyle?"

Fọ́ọ̀kì dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

"Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹrin, o dìde dúró ní ilé yìí, o ní o ti gbin oko tìsàlẹ̀ tán, o ní ìwọ lo kọ́kọ́ gbìn tán ní gbogbo agbègbè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Èmi ń gba orí ògiri amọ̀ kọjá lójoojúmọ́ ayé. Pòròpórò èṣí ló wà níbẹ̀."

Doyle wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ̀rọ ìgbìn ló bàjẹ́," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Wọn ò tíì rí irin rẹ̀ rà."

"Mo mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀."

"O ò sì ní sọ."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí omi bá ti bo oko, ta ló tún máa mọ̀ bóyá nǹkan hù níbẹ̀ tàbí kò hù?"

Doyle ronú. Ẹ lè rí ìrònú náà bó ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, bí omi tí wọ́n yọ pákó rẹ̀. Lójijì, ó ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó figbe bọnu kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Àgbàdo mi o! Àgbàdo tó ti yọ ewé mẹ́ta! Ìjọba fẹ́ fi omi gbé e lọ, nítorí ẹyẹ! Àmọ́ kí ni mo lè ṣe? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀ mí!"

Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ènìyàn. Mavis gbé páì ápù fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

A yọ pákó mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Orpha ló mú ìwọ̀, kò gbà fún mi, ó ń bú orúnkún rẹ̀ ní orúkọ oríṣiríṣi. Omi bú jáde. Inú tó ń run Halvik ti san, òun náà dé, ó ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ dé ojúgun, ó sì bá wa di pákó mú. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè, a dá méjì padà. Ọ̀pá ka òdo, àti ti Virgil.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ẹrẹ̀ ti yọ, ó ń dán bí orí apárí, ó rọ̀, ó kún fún kòkòrò. Afẹ́fẹ́ gúúsù ń fẹ́. Ẹyẹ ń bọ̀.

Àwọn òǹkà náà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, gbé awò awọ̀nàjíjìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn kalẹ̀ lórí ògiri amọ̀. Wọ́n kà. Ní aago mẹ́sàn-án, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún. Ní aago mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún àti ogójì. Ó dúró síbẹ̀. Ẹyẹ ṣì ń bọ̀ o, àmọ́ wọn kò dúró lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń ré kọjá lórí wa, wọ́n ń bà sí ẹ̀yìn ògiri.

Omi tó ya sóko Doyle ti ń fà. Ohun tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yin ará, ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ tó ju ti Orpha lọ. Àwọn Télọ̀ kún inú rẹ̀, wọ́n ń ránṣọ. Ó sún mọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹyẹ láàárín pòròpórò èṣí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n lè kà, nítorí pé òde ààlà ni.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," Orpha ní. "Doyle fi ọjọ́ méjì ṣe é."

Doyle alára jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lórí ògiri, ó ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran, fìlà ẹgbẹ́ ọlọ́dẹ wà lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé ìhà. "Ìyàwó wa! Wá wo àlejò mi! Mi ò tiẹ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n!"

"Lé wọn wá sí ìhín, Doyle."

"Lé kẹ̀? Ilé Teague kì í lé àlejò. Ìwọ náà dé, wọn ò lé ẹ."

Aago mẹ́wàá ààbọ̀. Aago mọ́kànlá. Halvik ń wo aago rẹ̀ bí ẹni pé ó lè bá a dúnàádúrà. Orpha jókòó sórí garawa tí ó dojú dé, ọ̀pá ìtìlẹ̀ lórí itan. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Ìgbà náà ni òǹkà obìnrin rìn lọ bá Doyle. Ọlọ́wọ̀ ènìyàn ni. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ lè gbà wá láyè ká wọnú oko yín? A ò ní kà wọ́n mọ́ ti ọgbà. Ìwé tiwa la fẹ́ kọ ọ́ sí. A máa ṣọ́ra gidi fún àwọn àgbàdo yín tó ṣẹ́ kù. A kàn fẹ́ ya fọ́tò díẹ̀."

Doyle dẹ́kun búrẹ́dì jíjẹ. "Fọ́tò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìwé ìròyìn ìlú yín ti béèrè fún un. Àgbẹ̀ tó fi àgbàdo rẹ̀ rúbọ. Wọ́n ní obìnrin kan nílé oúnjẹ ló sọ fún wọn."

Doyle wo oko rẹ̀. Pòròpórò èṣí tò lọ bẹẹrẹ, ó gbẹ, ó dúdú. Kò sí ewé tútù kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rí pé ewé kankan ti fìgbà kan wà níbẹ̀ rí. Ó wo Orpha. Orpha ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé wọ́n kọ Bíbélì síbẹ̀.

"Ẹ dúró!" Doyle fò bọ́ sílẹ̀. "Ẹ má wọ̀ ọ́! Ilẹ̀ yẹn léwu! Ẹ ò ní rí nǹkan kan yà, àwọn ẹyẹ yẹn ti ń lọ!"

"Wọn ò tíì lọ, sà."

"Wọ́n ti ń lọ!"

Ó sì sáré wọlé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, pẹ̀lú gbogbo páì Mavis nínú ikùn. Ó bọ́ fìlà ẹgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń jù ú fìrìfìrì, ó ń pariwo, "Ṣíà! Ṣíà! Ẹ kúrò nílé mi, ẹ̀yin aláìnítìjú!" Ní ìṣísẹ̀ kẹwàá, ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Kò dúró gbà á. Gbogbo àwọn ẹyẹ náà gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí èéfín. Wọ́n yí, wọ́n funfun. Wọ́n tún yí, wọ́n pupa bí ilẹ̀. Wọ́n ré ògiri kọjá, wọ́n sì rọ̀ sínú Adágún Kẹta wàì.

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Àwọn òǹkà kà á. Wọ́n tún un kà. Ẹgbàá ó lé mẹ́tàdínlógún.

Orpha dìde lórí garawa. Ó lọ sí etí ògiri, ó wo alága ẹgbẹ́ ọlọ́dẹ pẹ́pẹ́yẹ níbi tó dúró sí láàárín oko àgbàdo tí kò sí, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Doyle," ó ní, "o ṣeun. Wendell ìbá yọ̀."

"Panu mọ́," Doyle ní. "Ju okùn sí mi."

Adágún Kẹta ṣì jẹ́ ti ẹrẹ̀. Olú-iléeṣẹ́ kọ lẹ́tà láti yin ètò omi tó péye náà. Wọ́n fún Doyle ní ìwé ẹ̀rí, nítorí ìfẹ́ tó ní sí ẹyẹ etídò. Ó gbé e kọ́ nílé oúnjẹ Mavis, lókè ibi tó máa ń jókòó sí, ó sì lè fi wákàtí kan sọ fún ẹ bí àgbàdo náà ti tutù yọ̀yọ̀ tó.

Nínú oṣù Kẹfà, wọ́n fi ọ̀pá ìwọnmi tuntun ránṣẹ́, onírin, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń dán. Halvik ní kí Orpha rì í sí ibi tuntun tí kò ní kùkùté. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó gbá a, ó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, títí ó fi ku íǹṣì mẹ́fà. Ó gbé òòlù kalẹ̀.

Halvik wò ó. "Ó ku íǹṣì mẹ́fà, mà."

"Mo mọ̀."

"Ilẹ̀ ò le níbí."

"Mo mọ̀." Orpha nu ọwọ́. "Tí mo bá rì í tán, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ka omi láàárọ̀ ọ̀la á ṣì sọ 'àti ti Virgil'. Ẹ ò lè fi àgádágodo ti ẹnu wa. Pákó kan la fi máa ṣì í lọ́dọọdún."

Halvik dúró. Ó wo ọ̀pá, ó wo òòlù. Ó yọ bírò àti ìwé kékeré kan lápò. "Kí ni kí n kọ, mà?"

"Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó kà á. "Mẹ́rin," ó ní. "Àti ti Virgil."

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí àyà. Ó rántí. Ó fi họ ọrùn.